LD50 àgbo màmá mi ju 5000 lọ, ṣé a lè kọ ọ́ sí lébẹ̀ẹ̀lì pé kò léwu?

ỌmọElẹ́wé

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè kan, ó gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Màmá mi ń ta àgbo jẹ̀dí, ó ti lé ní ogún ọdún. Orí ni wọ́n fi ń rù ú kiri tẹ́lẹ̀, báyìí inú ike la ti ń rọ ọ́, èmi ni mò ń bá wọn lẹ lébẹ̀ẹ̀lì mọ́ ọn. Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ sí í wá nọ́ńbà NAFDAC wọ́n ní ká kọ́kọ́ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lára eku. A gbé e lọ sí lábù kan, owó gọbọi ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa, nígbà tó yá wọ́n fún wa ní ìwé ojú kan péré. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé eku 12 ni wọ́n lò, wọ́n pín 9 sí mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n fún wọn ní 10, 100 àti 1000 mg/kg, wọ́n wá fún mẹ́ta tó kù ní 1600, 2900 àti 5000, eku kan sí ìwọ̀n kan, wọ́n ṣọ́ wọn fún wákàtí 24, ìkankan ò kú. Wọ́n wá kọ ọ́ gàdàgbà sísàlẹ̀ pé LD50 ju 5000 mg/kg lọ.

Màmá ti ń jó o. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sára ike pé "a ti dán an wò, kò léwu rárá, tọmọdé tàgbà lè máa mu ún lójoojúmọ́". Èmi lọkàn mi ò balẹ̀. Oníbàárà wa kan wà, awakọ̀ ni, kò sí àárọ̀ tí kì í mu ún kó tó gbé mọ́tò jáde, ó ti tó ọdún mẹ́ta, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wá ń wú báyìí. Mi ò sọ pé àgbo wa ló fà á o, ó lè má jẹ́ òun. Ṣùgbọ́n ṣé ohun tí màmá rò pé 5000 yẹn ń sọ náà ló ń sọ? Kí tiẹ̀ ni mg/kg yẹn gan-an? Ẹni tó bá ń fi eku ṣiṣẹ́ nínú yín, ẹ bá mi dá sí i.

AlágòEku

Àbúrò, má tíì kọ nǹkan kan sára ike yẹn o, mo bẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ eku ni mò ń ṣe, ọdún kẹsàn-án mi rèé nílé ẹran yunifásítì kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. Èmi ni mò ń fún wọn lóúnjẹ, èmi ni mò ń gbé wọn lé òṣùwọ̀n, èmi náà ni mò ń da oògùn sí wọn lọ́fun, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ bó ṣe rí.

Èyí tí wọ́n ṣe fún yín yẹn, ọ̀nà Lorke là ń pè é, 1983 ló kọ ọ́ jáde, a fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ní Nàìjíríà torí eku tó ń gbà ò pọ̀, owó ẹ̀ náà ò pọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló ń dáhùn: tí eku bá gbé e mì lẹ́ẹ̀kan péré, ṣé á kú? LD50 ni ìwọ̀n tó máa pa ìdajì àwọn eku tí wọ́n bá fún. Tìrẹ ju 5000 lọ, ìyẹn ni pé wọn ò rí òkú, ó tán. Kò sí ẹni tó wo ẹ̀dọ̀ wọn, kò sí ẹni tó wo kíndìnrín, wọn ò fún eku tó lóyún, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò fún ìkankan lẹ́ẹ̀kejì. Ṣó o mọ iyọ̀ tá a fi ń se ọbẹ̀? LD50 tiẹ̀ lára eku ò ju bíi 3000 lọ. Ìyẹn ni pé tá a bá tẹ̀ lé ìwé tí wọ́n fún yín, àgbo yín sàn ju iyọ̀ lọ, iyọ̀ yìí kan náà la sì máa ń sọ fún àwọn onífúnpá pé kí wọ́n dínkù.

Wákàtí 24 yẹn gan-an ló bí mi nínú. Ọ̀nà tí wọ́n ń lò káàkiri ayé báyìí, ìlànà àjọ OECD tó ní nọ́ńbà 423, ọjọ́ 14 ló fi ń ṣọ́ eku, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ o gbọ́dọ̀ wo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, wákàtí mẹ́rin àkọ́kọ́ o ò gbọ́dọ̀ jìnnà, lẹ́yìn ìyẹn ojoojúmọ́ lo máa lọ wò wọ́n, ṣé irun wọn dìde, ṣé wọ́n ká jọ sígun kéèjì, ṣé wọ́n ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ṣé wọ́n ń rù. Ìdí ẹ̀ ni pé májèlé mìíràn kì í yára. Wo parasitámọ́ọ̀, ẹni tó bá gbé e mì yó, ó lè jókòó kó máa bá ẹ ṣeré lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ kẹta sí ìkẹrin lẹ̀dọ̀ ẹ̀ á wá dáṣẹ́ sílẹ̀.

mg/kg, mílígíráàmù fún kílò kan ara ni. Eku tó wọn gíráàmù 200, tó o bá fún un ní 5000 mg/kg, gíráàmù kan gbáko ló gbé mì. Má wá mú 5000 yẹn gbé lé èèyàn lórí tààrà o, torí ara eku máa ń yára lo oògùn tán ju tèèyàn lọ. Iye tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, fi síta ní 2005 là ń lò, wàá pín ti eku sí 6.2, ti ẹ̀lírí sí 12.3. Bó o bá pín in, 5000 eku á wálẹ̀ sí bíi 806 lára èèyàn.

Kí n tó máa sọ̀rọ̀ lọ, dá mi lóhùn ìbéèrè méjì. Kí lẹ fi ń rẹ àgbo yín, omi, omikan, àbí ògógóró? Kí sì lẹ gbé lọ sí lábù, ewé ni àbí àgbo tó ti jinná nínú ike?

ỌmọElẹ́wé

Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Ògógóró la fi ń rẹ èyí tó ń tà jù, omikan la fi ń rẹ èyí táwọn obìnrin máa ń rà. Lábù ní ká kó ewé àti egbò gbígbẹ wá, wọ́n ní ethanol làwọn máa fi yọ ọ́, àwọn á wá gbẹ ẹ́ di lẹ́búlẹ́bú kí wọ́n tó fún eku.

AlágòEku

Haa! Wọn ò tiẹ̀ yẹ ohun tí ẹ ń tà wò nígbà náà.

Ethanol lábù yàtọ̀ sómi, ó yàtọ̀ sí omikan. Ohun tí ethanol fà jáde lára egbò, omikan lè má fà á jáde, èyí tómi fà jáde, ethanol lè fi í sílẹ̀. Ohun tó wà nínú ike tí awakọ̀ yẹn ń gbé sẹ́nu ló yẹ kí eku mu. Nígbà tó jẹ́ pé ògógóró lẹ fi ń rẹ ẹ́, kéèjì kan gbọ́dọ̀ wà tó jẹ́ pé ògógóró lásán ni wọn á máa mu níbẹ̀, tó le bí èyí tó wà nínú àgbo, láìsí ewé kankan nínú ẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá wá rí i pé ẹ̀dọ̀ àwọn eku ti bàjẹ́, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ewé ló bà á jẹ́ tàbí ọtí.

Wò ó, ohun tó o lè ṣe lọ́la fúnra ẹ nìyí, kò gba owó lábù púpọ̀. Bu 100 ml àgbo látinú ike, gbé e sórí omi gbígbóná títí tó fi máa gbẹ kanrin, kó o wá wọn ohun tó kù nídìí abọ́. Ká ní gíráàmù 2 ló kù. Tí oníbàárà yín bá ń mu 200 ml lójúmọ́, gíráàmù 4 ló ń mu yẹn. Tó bá wọn kílò 60, bíi 67 mg/kg nìyẹn. Láti sọ ọ́ di ti eku, fi 6.2 sọ ọ́ di púpọ̀, á fi díẹ̀ lé ní 400. Tó o bá ti mọ ìyẹn lo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ibi tó yẹ kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀. Kéèjì kan á máa mu 100 mg/kg, òmíràn 400, òmíràn 1000, òmíràn á máa mu omi lásán, lójoojúmọ́, ọjọ́ 28 gbáko. OECD 407 nìyẹn. Akọ 5 abo 5 nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, eku 40, tó o bá fi ti ògógóró kún un 50.

Lópin ẹ̀ ẹ ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn, wọn á wo ALT àti AST torí ẹ̀dọ̀, wọn á wo creatinine àti urea torí kíndìnrín, wọn á wo PCV, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe pọ̀ tó. Ẹ ó wọn ẹ̀dọ̀, ẹ ó wọn kíndìnrín, ẹ ó kó wọn sínú fọ́málíìnì kí dókítà tó máa ń yẹ ẹran ara wò fún àrùn lè gé e wẹ́wẹ́ kó wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ má sì jẹ́ kó mọ èyí tó jẹ́ ti kéèjì wo. Mo tẹnu mọ́ ìyẹn, torí mo ti rí i kí ẹnì kan máa rí àrùn nínú ẹ̀dọ̀ eku tó ń mu omi kìkì torí ó ti gbọ́ pé àgbo ló mu.

BàbáOníṣègùn

Ẹ kú àpérò o. Èmi ò ka ìwé eku. Bàbá tó bí bàbá mi ló kọ́ bàbá mi, bàbá mi ló kọ́ mi, àgbo tá à ń sè nílé wa, aboyún ti mu ún, ìkókó ti mu ún. Eku mélòó ló ní jẹ̀dí rí? Eku á wá sọ fún yín pé inú ń run òun, àbí pé ojú ń kọ́ òun?

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bá ọmọ elẹ́wé yìí wí díẹ̀. Ọmọ mi, láyé tiwa, ta ló ń mu àgbo jẹ̀dí ní ọdún mẹ́ta? Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún, ó pọ̀ jù ọjọ́ méje, ó tán, ìkòkò ti dorí kodò. Ẹni tí kò bá san kó padà wá, a ó yí ewé padà. Ẹ̀yin tí ẹ rọ ọ́ sínú ike tí ẹ gbé e lọ sí gáréèjì, ẹ̀yin lẹ sọ oògùn di ọtí àárọ̀. Kí eku tó bá yín sọ ọ́, èmi ti sọ ọ́.

AlágòEku

Bàbá, mo kí yín o. Ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé eku ò lè sọ pé ojú ń kọ́ òun, òótọ́ pọ́nńbélé ni. Àní eku ò lè bì gan-an, wọn ò dá a mọ́ ọn. Ohun tí èèyàn máa pọ̀ jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, inú eku ni yóò wà títí. Ìdí nìyẹn tí eku nìkan ò fi tó. Ẹ rántí thalidomide, oògùn táwọn aboyún ń lò nílẹ̀ Yúróòpù láàárín ọdún 1957 sí 1961 yẹn, ọmọ tó lé ní 10,000 ni wọ́n bí tí apá tàbí ẹsẹ̀ wọn ò pé. Lára eku aboyún kò ṣe bẹ́ẹ̀ rárá, ìgbà tí wọ́n fún ehoro lọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ hàn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣẹ̀sín díẹ̀, torí àwọn kan rò pé gbogbo eku tó bá kú, àgbo ló pa á. Ọdún àkọ́kọ́ mi nídìí iṣẹ́, mo fún eku kan ní omi ewé, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó ti na gbalaja. Mo yára kọ ọ́ sílẹ̀, "májèlé". Ọ̀gá mi ò bá mi jiyàn, ó kàn mú síṣọ́ọ̀sì, ó la àyà eku náà, ó ní kí n wá wo ẹ̀dọ̀fóró. Omi ewé tútù ló wà nínú ẹ̀, ó ń hó bíi ti ọṣẹ. Èmi ni mo tì í gba ọ̀nà èémí! Irin tín-ínrín tórí ẹ̀ rí roboto là ń lò, wàá kọ́kọ́ fi wọ̀n ọ́n látẹnu eku dé egungun ìhà tó kẹ́yìn, wàá di awọ ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ mú pinpin kí orí má lè yí, wàá jẹ́ kí irin yẹn rọra yọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu wọlé, kì í ṣe nǹkan ipá, tó bá ti kọ̀ tàbí tí eku bá ń mí gùlegùle, fà á jáde kíá. Látìgbà yẹn, eku yòówù tó bá kú lọ́wọ́ mi, ẹ̀dọ̀fóró ni mo kọ́kọ́ ń wò. Iye eku tí irú ẹ̀ ti pa kárí àwọn lábù, tí wọ́n sì kọ ikú ẹ̀ mọ́ ewé lórí, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún máa rí omi pupa yí ojú wọn ká nígbà míì, ẹni tí kò mọ̀ á pariwo pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde lójú wọn. Ẹ̀jẹ̀ kọ́, omi ojú eku ló máa ń pọ́n bẹ́ẹ̀ tí ara bá ni wọ́n tàbí tí kéèjì bá há. Ó yẹ kéèyàn kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ kò túmọ̀ sí pé orí wọn ti bẹ́.

Nọ́ọ̀sìÀdúgbò

Mo ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ eku yín, ó dáa. Àmọ́ ta ló ti sọ fún awakọ̀ yẹn pé kó lọ ilé ìwòsàn?? Ẹsẹ̀ tó ń wú fún ẹni tó ń mu àgbo pẹ̀lú ògógóró fún ọdún mẹ́ta, creatinine, ìtọ̀ àti ìfúnpá kí wọ́n wò ó lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ bi í bóyá ìtọ̀ ẹ̀ ń hó tí kì í tètè lọ. Kó sì mú ike àgbo yẹn dání, kó má tijú, kó sọ fún dókítà iye tó ń mu. Àwọn aláìsàn máa ń fi àgbo pamọ́ fún wa bí ẹni jalè, a ó wá máa wá ohun tí kò sọnù.

ỌmọÌbàdànNíManchester

Mo gbà pẹ̀lú Nọ́ọ̀sì. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un tí ẹ ò tíì mẹ́nu bà, ìyẹn ni orúkọ ewé.

Ní Brussels, nílẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 síwájú, ilé ìtọ́jú kan ń fún àwọn obìnrin tó fẹ́ fọn ní oògùn tí wọ́n po ewé àwọn Ṣáínà mọ́. Kíndìnrín wọn bẹ̀rẹ̀ sí í daṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì darúgbó. 1993 làwọn dókítà kọ ọ́ jáde, nígbà tó yá iye wọn lé ní 100, àwọn kan tún wá ní jẹjẹrẹ níbi tí ìtọ̀ ń gbà. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ewé tí wọ́n fẹ́ lò ni Stephania, èyí tí wọ́n kó wá ni Aristolochia, torí pé ní èdè Ṣáínà orúkọ àwọn méjèèjì jọra, fang ji ni wọ́n ń pe méjèèjì, ohun tó wà níwájú ẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Orúkọ lásán ló fa gbogbo ìyẹn o.

Ohun tó dùn mí jù ni pé eku ti sọ ọ́ ṣáájú. 1982 ni wọ́n ti kọ ọ́ ní Jámánì pé eku tí wọ́n fún ní ásíìdì inú Aristolochia yẹn fún oṣù mẹ́ta ní kókó nínú ikùn. Oṣù mẹ́ta o, kì í ṣe wákàtí 24. Ẹbí ewé yìí kan náà wà lọ́jà wa, akọ-igún tí wọ́n ń kó sínú àgbo kan, Aristolochia ni. Bi màmá bóyá ó wà nínú tiwọn.

Nílé wa náà, tó o bá ní àsúnwọ̀n lọ́jà, àsúnwọ̀n wo? Àsúnwọ̀n wà, àsúnwọ̀n òyìnbó wà, rérè náà wà nínú ẹbí kan náà, hóró rérè yìí sì ti pa àwọn ọmọdé nílẹ̀ Íńdíà níbi tí wọ́n ti ń ṣa á jẹ. Nítorí náà kó o tó ná kọ́bọ̀ míì sórí eku, mú ẹ̀ka tútù ìkọ̀ọ̀kan tó ní ewé àti òdòdó, gbé e lọ sí hẹ̀báríọ̀mù, ibi tí wọ́n ń kó ewé gbígbẹ pa mọ́ láti fi mọ orúkọ wọn, ti FRIN, ilé ìwádìí igbó, wà n'Ìbàdàn, ti Ifẹ̀ wà, ti UNILAG wà, wọn á sọ orúkọ ẹ̀ gan-an fún ẹ, wọn á fún ẹ ní nọ́ńbà. Iṣẹ́ eku tí kò bá ní nọ́ńbà yẹn, ẹnikẹ́ni ò lè tún un ṣe, torí kò sẹ́ni tó mọ ewé wo lẹ lò.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan fún ẹ̀gbọ́n aláàgò: níbí, láìsí ìwé àṣẹ ìjọba, o ò lè fọwọ́ kan eku kan fún ìdánwò, òfin 1986 ni. Mo mọ̀ pé kọmití wà láwọn yunifásítì wa náà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí béèrè ìwé ìyọ̀ǹda kọmití yẹn lọ́wọ́ lábù tó bá lọ, tí wọn ò bá ní, kó máa lọ.

AlágòEku

Òótọ́ ni, àṣẹ kọmití kọ́kọ́rọ́ ilé ẹran ni. Lọ́dọ̀ wa wọn ò ní jẹ́ kó o kó eku jáde láìní in. Wọ́n á tún bi ẹ́ ìdí tó fi jẹ́ 50, kì í ṣe 100, kí sì nìdí tí kò fi jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì inú ìgò lo kọ́kọ́ fi dán an wò.

Àti ọ̀rọ̀ lébẹ̀ẹ̀lì, ìgbà tẹ́ ẹ bá tiẹ̀ gba nọ́ńbà, ẹ wò ó dáadáa, lẹ́tà L ló máa wà lẹ́yìn ẹ̀, wọ́n sì máa ní kí ẹ kọ ọ́ sára ike pé NAFDAC ò tíì yẹ ohun tí ẹ sọ pé ó ń wò wò. Gbólóhùn "kò léwu rárá" tí màmá ń wá yẹn àti gbólóhùn yìí ò lè wà lára ike kan náà.

ỌmọElẹ́wé

Ẹ ṣeun o gbogbo yín, ẹ̀gbọ́n, Bàbá, Nọ́ọ̀sì, ará Manchester. Mo ti pe awakọ̀ yẹn, ìyàwó ẹ̀ ló gbé e, wọ́n ń lọ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Mo ka gbogbo ẹ̀ fún màmá lálẹ́ àná. Wọ́n kọ́kọ́ bínú, wọ́n ní àwọn òyìnbó fẹ́ fi eku gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Nígbà tí mo dé ibi àsúnwọ̀n wọ́n dákẹ́. Wọ́n dìde, wọ́n kó gbogbo ẹrù tí wọ́n rà ní ọjà Bódè sílẹ̀ lórí ẹní. Ìdì àsúnwọ̀n méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀tọ̀ lẹni tí wọ́n rà á lọ́wọ́ ẹ̀, a tú méjèèjì. Ewé ọ̀kan fẹ̀, etí ẹ̀ rí roboto, tèkejì tín-ín-rín, ẹnu ẹ̀ ṣóńṣó. Màmá wò ó títí, wọ́n ní àwọn ti ń gún méjèèjì pọ̀ látìgbà tí ìyá aláṣọ pupa tó ń tà á fáwọn ti kú. Akọ-igún ò sí níbẹ̀, Ọlọ́run ṣeun. A ń lọ FRIN lọ́jọ́ Túsìdeè.

Mo ti wọn 100 ml náà, gíráàmù 3.1 ló kù, ó ju èyí tí ẹ fi ṣe àpẹẹrẹ lọ, ṣé 1000 yẹn á ṣì tó báyìí?

Màmá ní kí n bi yín ní ìkan sí i: àwọn eku yẹn, ṣé wọ́n máa ń jẹun kí wọ́n tó mu àgbo, àbí òfìfo inú ni wọ́n fi ń mu ún?

AlágòEku

3.1, awakọ̀ yẹn á máa mu gíráàmù 6.2 lójúmọ́, ti eku á tó bíi 640. 1000 ṣì wà lókè ẹ̀ àmọ́ kò jìnnà sí i mọ́, fi ti àárín sí 600 kó o sì bá ẹni tó máa ṣe é sọ̀rọ̀ nípa ti òkè.

Sọ fún màmá pé èyí tí wọ́n ń fún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òfìfo inú ni, eku á ti gbààwẹ̀ mọ́jú, omi nìkan ni wọ́n ń mu. Èyí tó jẹ́ ọjọ́ 28, wọ́n ń jẹun tiwọn. Kí ló dé tí wọ́n fi béèrè?

ỌmọElẹ́wé

Wọ́n ní torí àwọn máa ń sọ fún gbogbo oníbàárà pé kí wọ́n jẹ ẹ̀kọ kí wọ́n tó mu ún. Awakọ̀ yẹn kì í jẹ ẹ.

AlágòEku

Kọ ìyẹn sára ike.